Fọláhàn Kò Wá, Mà

Ẹ dúró, ẹ má tíì lọ, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ eléyìí lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó bà á jẹ́ fún yín. Àárọ̀ Fúráìdé ni, lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kìíní ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ààyè-Èkìtì. Bọ́ọ̀sì tí yóò kó àwọn ọmọ lọ ké ewì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ ti ń kùn lábẹ́ igi máńgòrò. Tíṣà Tinúkẹ́, tó dé sílé ìwé náà ní Mọ́ńdè, tó sì ti mọ ohun gbogbo tán kí ilẹ̀ Túsìdé tó mọ́, ló dá Àbẹ̀ní dúró. Àbẹ̀ní jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé Ògúntọ́lá, òun ló sì máa ń sin ọmọdékùnrin kan wá sílé ìwé láràárọ̀.

TINÚKẸ́: Ìyá Akọ̀wé, ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá. Ẹ sọ orúkọ ọmọ yín fún mi kíákíá.

ÀBẸ̀NÍ (ó kúnlẹ̀): Ẹ kú uṣẹ́ o, Àǹtí. Èmi kọ́ ni ìyá rẹ̀, ìyàwó ulé wọn ni mí. Akọ̀wé lorúkọ rẹ̀.

TINÚKẸ́: Akọ̀wé kì í ṣe orúkọ, Ìyàwó. Iṣẹ́ ni.

ÀBẸ̀NÍ: Uṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe ni. Ọjọ́ tí mo dé ulé wọn ni mo wo orí rẹ̀, mo ní orí yìí, ọ́fíìsì ìjọba ló ń lọ.

TINÚKẸ́: Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀gá ilé ìwé ní ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé tí mò ń pè láràárọ̀ kò ní wọ bọ́ọ̀sì yẹn. N kì í pe Akọ̀wé kankan. Bẹ́ẹ̀ òun ló mọ ewì náà jù. Mọ́ńdè ló gbọ́ ọ, nígbà tó fi máa di Wẹ́sìdé, ó ti ń rán èmi létí ibi tí mo bá fò.

ÀBẸ̀NÍ: Ọkọ mi nìyẹn. Orí yẹn kò tóbi lásán.

TINÚKẸ́: Orúkọ rẹ̀ gan-an, Ìyàwó.

ÀBẸ̀NÍ: Mi ò lè pè é, Àǹtí. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ.

TINÚKẸ́: Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ kò tíì hù tán?

ÀBẸ̀NÍ: Kò tiẹ̀ ní eyín kankan nígbà tí mo bá a. Ọkọ mi náà ni.

TINÚKẸ́ (ó mí kanlẹ̀): Mo kàwé lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, Ìyàwó. Irú àṣà báyìí ló ń dá wa dúró. Èmi, lọ́jọ́ tí mo bá wọlé ọkọ, gbogbo wọn ni n ó máa pè lórúkọ, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ ọwọ́ títí dé orí ajá.

ÀBẸ̀NÍ: Ẹnu yín ni, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ ó sì fi jẹun níbẹ̀.

TINÚKẸ́: Bàbá rẹ̀ ńkọ́?

ÀBẸ̀NÍ: Oko iṣu, láti ìdájí.

TINÚKẸ́: Ìyá rẹ̀?

ÀBẸ̀NÍ: Ìyá wa ń ta epo ní Òkè-Àkó. Ọ̀dọ̀ èmi ni ọmọ ń gbé. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó bó bá ń wọkọ̀.

TINÚKẸ́: Bọ́ọ̀sì kò ní dúró de elépo. Mo bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ léèrè. Ó ní òun ni Akọ̀wé. Mo ní òmíràn ńkọ́, ó ní Àjàní. Mo ní èyí tí bàbá rẹ̀ ń pè é, ó ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án.

ÀBẸ̀NÍ: Òótọ́ ló sọ. Òun náà ni bàbá wọn ń pè é látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

(Awakọ̀ tẹ fèrè. Tinúkẹ́ ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀.)

TINÚKẸ́: Ẹ kò gbọ́dọ̀ fẹnu pè é. Ó dáa. Ẹ fi ara ṣe é, kí n mọ̀ ọ́n.

(Àbẹ̀ní dìde. Ó tún ìró ró, ó na ọrùn, ó mi èjìká ọ̀tún, ó mi tòsì, ó rìn kọjá níwájú tíṣà bí ẹni tó wọ góòlù.)

TINÚKẸ́: Agbéraga?

ÀBẸ̀NÍ: Ta ló ń sọ ọmọ ní Agbéraga? Ẹni tó ní nǹkan ńlá ni, tí kò fi pamọ́.

TINÚKẸ́: Ọláníyì?

ÀBẸ̀NÍ: Ẹ ti dé àdúgbò.

TINÚKẸ́: Ọlápàdé? Ọláwálé?

ÀBẸ̀NÍ: Ẹ ti kọjá ulé náà. Ẹ padà.

TINÚKẸ́ (ó jókòó sórí àtẹ̀gùn): Ó rẹ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ wo ni mo rí yìí? Èyí tí kò lórúkọ ń wá lójoojúmọ́, èyí tó lórúkọ ò wá rí. Ìsáǹsá kan ló wà nínú ìwé orúkọ mi tó ń jẹ́ Fọláhàn.

ÀBẸ̀NÍ (ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí): Ẹ rọra o, Àǹtí.

TINÚKẸ́: Ẹ mọ̀ ọ́n?

ÀBẸ̀NÍ: Mo wẹ̀ fún un láàárọ̀ yìí.

TINÚKẸ́: Ẹ wẹ̀ fún un, ẹ ò wá mú un wá síléèwé? Mọ́ńdè, mo pè é, kò wá. Túsìdé, a fi ìdérí ìgò ka ení, èjì, kò wá. Wẹ́sìdé, a gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì, gbogbo ọmọ ló ní agolo àfi òun. Nígbà tó di àná, mo fi í kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìwà. Mo ní ẹ má ṣe bíi Fọláhàn o, ọ̀lẹ ọmọ. Wọ́n tiẹ̀ fi kọrin. Akọ̀wé ló ń lé e.

ÀBẸ̀NÍ: Akọ̀wé ló lé orin yẹn?

TINÚKẸ́: Òun náà ló máa ń kọ́kọ́ dá mi lóhùn láàárọ̀. Bí mo bá ti pe Fọláhàn báyìí, á ti dìde: "Kò wá, mà."

ÀBẸ̀NÍ: Àǹtí, níbo ni Akọ̀wé wà báyìí?

TINÚKẸ́ (ó yọjú): Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń jẹ ṣọ́ọ̀kì.

ÀBẸ̀NÍ: Ìsáǹsá yín náà, ẹ̀bá fèrèsé yẹn ló wà. Ṣọ́ọ̀kì kan náà ni wọ́n ń jẹ.

(Tinúkẹ́ wo fèrèsé. Ó wo Àbẹ̀ní. Ó tún wo fèrèsé.)

TINÚKẸ́: Ẹnu kan náà?

ÀBẸ̀NÍ: Ikùn kan náà.

TINÚKẸ́ (ó ki orí bọ fèrèsé): Fọláhàn.

(Gbogbo kíláàsì lápapọ̀: "Kò wá, mà." Ohùn kan ròkè ju tàwọn yòókù lọ.)

TINÚKẸ́ (ẹ̀rín pa á): Ó tán. Bí mo bá gbé e débi bọ́ọ̀sì, n ó pariwo orúkọ náà, ọ̀gá á gbọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kọ́lápọ̀ á fi mí ṣẹ̀sín bí mo bá sọ fún un.

ÀBẸ̀NÍ (ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀): Ta ni ẹ fi orúkọ yẹn pè, Àǹtí?

TINÚKẸ́: Àfẹ́sọ́nà mi ni. Ó ń kọ́ wọn ní yunifásítì ní Ìkọ̀lé. Lọ́jọ́ Àìkú ló ní òun á mú mi lọ han ìyá òun ní Òkè-Àkó.

ÀBẸ̀NÍ: Ṣé ó ní èéjí? Ṣé bó bá gbóòórùn ata, kì í sín bíi kó wólé?

TINÚKẸ́: Báwo lẹ ṣe mọ̀?

ÀBẸ̀NÍ: Kí lorúkọ bàbá rẹ̀?

TINÚKẸ́: Olútọ́lá.

ÀBẸ̀NÍ: Ní yunifásítì nìyẹn. Bó bá ti kọjá oríta Ààyè, Ògúntọ́lá ni. Eléèjí-Góòlù làwa ìyàwó ulé ń pè é. Òun ni ìyá wa fi ṣe àkọ́bí, wọ́n sì fi Akọ̀wé ṣe àbígbẹ̀yìn.

(Awakọ̀ tún tẹ fèrè.)

TINÚKẸ́: Ìyá tó ń ta epo yẹn.

ÀBẸ̀NÍ: Àwọn ló ń bọ̀ lórí ọ̀kadà yẹn, tí atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè wọn.

TINÚKẸ́: Ṣé ọ̀rọ̀ orúkọ yìí máa ń dùn wọ́n?

ÀBẸ̀NÍ: Ìyàwó kan pe ajá ulé lórúkọ lọ́dún tó kọjá. Ajá ọ̀hún sì ti nílé kó tó dé. Títí di òní, ọbẹ̀ rẹ̀ kò ní iyọ̀ lẹ́nu wọn.

TINÚKẸ́: Èmi ò sáà tíì wọlé.

ÀBẸ̀NÍ: Ẹsẹ̀ kan ti wà lójú ọ̀nà, Àǹtí. (Ó tún ìró ró, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.) Ó wá jọ pé èmi ni ìyálé yín.

(Orúnkún Tinúkẹ́ kan ilẹ̀ kó tó mọ̀.)

TINÚKẸ́: Ẹ káàárọ̀, mà.

Wọ́n fa ọmọ náà jáde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì ní ètè. Bí wọ́n ti dé ẹ̀bá bọ́ọ̀sì ni Ìyá Elépo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí ọ̀gá ilé ìwé sì na ọrùn láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó ní kí tíṣà pariwo orúkọ ọmọ tó ń wọ bọ́ọ̀sì, kí gbogbo ayé gbọ́. Tinúkẹ́ la ẹnu. Ó wo Ìyá Elépo. Ó pa ẹnu dé. Ó na ọrùn, ó mi èjìká ọ̀tún, ó mi tòsì.

TINÚKẸ́: Ẹni tó ní nǹkan ńlá ni, mà, tí kò fi pamọ́.

Ọ̀gá ronú, ó ní, "Agbéraga?"

Ìyá Elépo ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ó ní kí ló ń ṣe gbogbo wọn láàárọ̀ kùtùkùtù, ṣé wọn ò mọ ọmọ òun ni, Fọláhàn kọ́ nìyí?

Akọ̀wé ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú bọ́ọ̀sì. Ó yíjú padà, ó sì dá ìyá rẹ̀ lóhùn:

"Kò wá, mà."

Ó lọ sí Ọ̀yẹ́ o, ó ké ewì náà débi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi gbé e sọ sókè. Bẹ́ẹ bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ọ̀nà Ààyè kò jìnnà. Ẹ lọ lówùúrọ̀, ẹ dúró lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì kìíní nígbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ. Bó bá kan ti ẹnì kan báyìí, kò ní pe nǹkan kan. Èjìká ni yóò mì, ọ̀tún àti òsì, ọmọdékùnrin olórí ńlá kan yóò sì dìde pé, "Mo wà níbí, mà." Ẹ lọ fi ojú ara yín rí i.