Ààrẹ Olólùfẹ́ Rọ́ọ̀kì Háyà Apàtẹ́wọ́

Bí ẹ bá dé Ìsẹ́yìn tí ẹ kò tíì gbọ́ orúkọ Mọ́nsúrù Adéwùmí, ẹ fara balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá sọ ọ́ fún yín.

Mọ́nsúrù Rọ́ọ̀kì! Ọkọ gìtá! Ààrẹ Gbogbo Olólùfẹ́ Rọ́ọ̀kì ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, àti Tẹ̀dé, àti Ìgànná, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé àwọn ní ààrẹ. Ẹni mẹ́rin ló dìbò yàn án. Òun fúnra rẹ̀ wà lára wọn.

Bàtà rẹ̀ ga débi pé bí ó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà olókùúta, ńṣe làwọn ìyá arúgbó máa ń ṣàdúrà fún un. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹni tó bá gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá kò nílò ìgbálẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó wọ bàtà gogoro kò ga, bàtà ló ga. Mọ́nsúrù ní òwe ará oko nìyẹn.

Ó tún ní òun ti dé òkè òkun. Mo wádìí rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó sọdá omi: ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Àpápá, ó sì wọ̀ ọ́ padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, nígbà tí ìbò ti parí tí àwọn sójà sì ti padà sí bárékè, Ààrẹ mú àwọn olórin rọ́ọ̀kì kan wá láti Èkó. Mànàmáná ni orúkọ wọn. Wọ́n ní aago mẹ́rin làwọn máa bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú. Aago mẹ́fà ni wọ́n dé. Wọ́n ń yí etí gìtá, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wò, títí tí àwọn èèyàn fi lọ kírun tí wọ́n sì padà dé. Jími, olórí wọn, kọ ẹ̀yìn sí èrò, ó ń kọrin sí ìlù létí. Ohun tó ń sọ kò yé ẹnikẹ́ni. Sípíkà nìkan ló ń hó. Nígbà tí wọ́n dé orí orin kẹta, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́.

Àwọn ará Ìsẹ́yìn dìde. Wọ́n kí àwọn olórin pé ẹ kú iṣẹ́ o, wọ́n sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì lábẹ́ àtíbàbà Ládòkun, bàbá ahunṣọ, níbi tí Mọ́nsúrù ti lọ wo aṣọ òkè kan tó ń hun fún un.

"Ẹ̀yin lẹ ba eré jẹ́," Mọ́nsúrù ní. "Ẹ jókòó bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Ẹnikẹ́ni ò pariwo. Ẹnikẹ́ni ò fo sókè. Ní òkè òkun, obìnrin a máa dákú níwájú gìtá!"

"Bọ̀dá Mọ́nsúrù, ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́," Yétúndé dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì ni, kò sì sí rẹ́kọ́ọ̀dù Mànàmáná tí kò sí nílé rẹ̀. "Bí ẹnì kan bá dákú, àwa náà ni wọ́n máa gbé e wá bá. Mo fẹ́ràn àwọn olórin yẹn jù yín lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe lánàá yẹn, wọ́n kàn fi ìyà jẹ wá ni."

Oyèlékè, tíṣà, dá sí i. Òun ni igbákejì ààrẹ. "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Èrò ló ń mú olórin gbóná. Ká ní a pariwo ni, bóyá Jími ì bá ti kọjú sí wa."

"Kí n pariwo kó tó ṣe dáadáa? Tíṣà, ṣé ẹ máa ń fún ọmọ ní máàkì kó tó kọ ìdánwò?" Yétúndé bi í.

Oyèlékè ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. "Ó dá lórí ọmọ ẹni tó bá jẹ́," ó ní.

Ládòkun kò gbé orí sókè lórí òfì. "Èmi ò gbọ́ rọ́ọ̀kì o. Àmọ́ bí ọbẹ̀ bá dùn, ta ní ń bẹ èèyàn pé kó lá ìka?"

"Bàbá Ládòkun, ẹ má bínú, nǹkan wọ̀nyí kò lè yé yín. Ìtara ni rọ́ọ̀kì! Ará Ìsẹ́yìn kò ní ìtara!"

"A ní in," Ládòkun ní. "A ò kàn ń fi í ṣòfò ni."

Ìdí tí inú fi ń bí Ààrẹ tó bẹ́ẹ̀ kò pamọ́. Jími ti ṣèlérí fún un pé àwọn máa padà wá ní oṣù Kejì, àti pé ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn máa wá gba ohùn eré náà sílẹ̀. Bí èrò bá gbóná, wọ́n máa fi Mọ́nsúrù ṣe aṣojú Mànàmáná fún gbogbo Òkè-Ògùn, àwòrán rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn páálí rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun. Bí èrò bá tún dákẹ́, wọ́n á lọ wá ààrẹ mìíràn ní ìlú mìíràn. Aṣọ tí Ládòkun ń hun, aṣọ àwòrán ni: sányán, tí wọ́n máa fi rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgàdà. Ojú Ládòkun ti rí nǹkan láyé, ṣùgbọ́n ó ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi sányán gbálẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni Mọ́nsúrù. Bí ìtara kò bá sí nílé, a lè lọ yá a. Ó gba ilé Ràmọ́nì lọ.

Ẹ mọ Ràmọ́nì, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sìkírù. Nígbà ìpolongo ìbò, òun ló ń kó èrò sínú lọ́rì lọ síbi ìpàdé àwọn olóṣèlú. Láàárọ̀ wọ́n á hó fún ẹgbẹ́ kan ní Ìgànná; tó bá di ọ̀sán wọ́n á pààrọ̀ fìlà nínú lọ́rì, wọ́n á hó fún ẹgbẹ́ kejì ní Tẹ̀dé. Látìgbà tí ìbò ti parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀fun wọn ti ń dógùn-ún.

"Ta ló ń díje?" ni ohun tí Ràmọ́nì kọ́kọ́ béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ń díje, Bàbá Sìkírù. Olórin ni wọ́n."

"Kí ni àmì wọn?"

"Wọn ò ní àmì."

"Ó le o. Ta ni ká máa bú?"

"Ẹ ò ní bú ẹnikẹ́ni."

Ràmọ́nì wò ó tàánútàánú. "Ààrẹ, èrò kì í gbóná láìbú èèyàn. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yín. Báwo lẹ ṣe fẹ́ ẹ?"

"Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan gìtá, ẹ hó. Bí Jími bá bi yín ní ohunkóhun, ẹ dá a lóhùn látọkàn wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura pé mo rán yín."

"Látọkàn wá?" Ràmọ́nì tún bi í. Nínú gbogbo ìpolongo tó ti ṣe, kò sí olóṣèlú tó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ọjọ́ pé. Pápá ilé ìwé kan ni wọ́n lò, lọ́sàn-án gangan, tí ọyẹ́ ń fẹ́ eruku sójú gbogbo wa. Àwọn èèyàn Ràmọ́nì jókòó níwájú, wọ́n ti jẹ búrẹ́dì tí Ààrẹ rà fún wọn. Àwọn ará ìlú yòókù dúró lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Ògúndèjì, ọkùnrin rédíò láti Ìbàdàn, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ sórí tábìlì. Mọ́nsúrù dé nínú sányán, ó ń fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò gbá pápá láti ìkángun kan dé ìkejì.

Ọmọ ọkọ̀ àwọn olórin gbé gìtá kan sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Ariwo sọ! Wọ́n hó, wọ́n fò sókè, wọ́n ju fìlà. Ẹ̀rù ba ọmọ ọkọ̀, ó gbé gìtá padà sínú ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ tó sì tún gbé e jáde, Jími fi ìka kan tẹ okùn gìtá wò. "Gbíín!" Èrò tún hó. Ó yí i létí díẹ̀. "Gbíín!" Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ya pápá. Ojú Jími ń dán. Kò tíì kọrin kankan, wọ́n sì ti fẹ́ràn rẹ̀ báyìí. Mọ́nsúrù yíjú sí Yétúndé. "Ṣé ẹ rí ìtara?"

"Mo rí búrẹ́dì," Yétúndé ní.

Jími di máìkì mú. Ó kọjú sí èrò lọ́tẹ̀ yìí. "Ìsẹ́yìn! Ṣé ẹ wà ńbẹ̀?"

"A wà ńbẹ̀!"

"Ṣé ara yín ti yá?"

Àwọn èèyàn Ràmọ́nì wojú ara wọn. Ààrẹ ti ní kí wọ́n dáhùn látọkàn wá.

"Kò yá o!" ọkùnrin kan ké. "Sòbìà ń yọ wá lẹ́nu!"

Ọmọ Èkó ni Jími; ó rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Òkè-Ògùn nìyẹn. Ó fò sókè. "Kí lẹ fẹ́?"

"Omi!"

"Mi ò gbọ́ yín! Kí lẹ fẹ́?"

"OMI!"

"Màá fún yín! Lónìí yìí, màá rọ̀jò lé yín lórí!"

Ràmọ́nì dìde dúró. Ó ti gbọ́ ìlérí lẹ́nu àwọn tó wọ agbádá, lẹ́nu àwọn tó wọ kóòtù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá ọjọ́ fún un rí. "Ó ní lónìí!" ó ké. "Ẹ̀yin ará, ó ní lónìí!"

Ìgbà yẹn ni àwọn tó wà lábẹ́ máńgòrò tú ọwọ́ tí wọ́n ká gbera. Wọ́n ya wọ pápá. Ìyá Àwáwù, tó ń fi ọ̀pá rìn, gun orí pèpéle, ó gba máìkì lọ́wọ́ Jími bí ẹni gba ọmọ jòjòló.

"Olórin, o ṣeun," ó ní. "Ẹ̀rọ omi tó wà ládùúgbò wa, mi ò tíì bí Àwáwù nígbà tó gbẹ."

Onílù Mànàmáná kò mọ ohun tí òun lè ṣe. Ó lu ìlù kan. Gbì!

"Àwáwù ti lọ́kọ."

Gbì!

"Ó ti bímọ."

Gbì-gbì!

"Ọmọ náà ti ń pọnmi lódò, a ò tíì rí ẹ̀kán kan nínú ẹ̀rọ yẹn. Ṣé ọ̀dọ̀ wa lo máa ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀!" gbogbo pápá dáhùn. Ìlù wọlé, gìtá tẹ̀ lé e. Ìyá Àwáwù ń rojọ́ omi, èrò ń gbè é, àwọn ọ̀dọ́ ń fò, Oyèlékè tíṣà gun orí àga. Yétúndé pàápàá ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó," ó ní, "wọ́n mọ orin í ṣe!"

Ẹnì kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ kò dùn. Mọ́nsúrù rí i pé kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ òun. Ó sáré gun pèpéle, bàtà kan já sílẹ̀ lọ́nà, ó já máìkì gbà.

"Ẹ dákẹ́! Ìpolongo ìbò kọ́ nìyí! Bàbá Sìkírù, iṣẹ́ tí mo háyà yín fún kọ́ nìyí! Gìtá ni mo ní kẹ́ ẹ pariwo fún, mi ò ní kẹ́ ẹ béèrè omi! Búrẹ́dì mi tí ẹ jẹ ńkọ́?"

Onílù gbé ọ̀pá ìlù rẹ̀ sílẹ̀.

Jími yíjú sí i. "O háyà wọn ni?"

"Kì í ṣe gbogbo wọn."

"Àwọn wo ni o ò háyà?"

Mọ́nsúrù wo pápá yíká. Ó sọ òótọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. "Àwọn tó kọ́kọ́ dákẹ́," ó ní.

"Ààrẹ, látọkàn wá lẹ ní," Ràmọ́nì ké láti ìsàlẹ̀. "A kì í dalẹ̀ oníbàárà."

Jími kó gìtá rẹ̀. Kí eruku ọkọ̀ wọn tó balẹ̀, Mọ́nsúrù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin rédíò. Gbogbo nǹkan kò tíì bàjẹ́. Bí rédíò bá gbé ariwo náà jáde bó ṣe tọ́, Jími lè gbọ́ ọ l'Ékòó, kí inú rẹ̀ yọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí kò dára níbẹ̀, ẹ bá mi gé e kúrò."

"Màá gé e," Ògúndèjì ní. Èèyàn tó ń mú àdéhùn ṣẹ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn tó Mọ́nsúrù. Nígbà tó di Sátidé, ó gbé rédíò bàbá rẹ̀ síta, ó to àga, ó ránṣẹ́ pe àdúgbò. Ó ní kí gbogbo wọn wá gbọ́ bí Ààrẹ ṣe kọ́ Ìsẹ́yìn ní ìtara. Wọ́n wá. Ládòkun wá, Yétúndé wá, Ìyá Àwáwù gba àga iwájú. Mọ́nsúrù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò nínú sányán rẹ̀, ọwọ́ kan lórí rédíò náà, bí ẹni pé òun ló bí i.

Ètò bẹ̀rẹ̀. Ògúndèjì ti gé ibi tí kò dára: gbogbo "gbíín" pátá ló yọ kúrò. Ohùn Ìyá Àwáwù ló kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú ìlù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ariwo omi. Lẹ́yìn náà, ohùn kan tí gbogbo agboolé mọ̀ dáadáa bú jáde: "Iṣẹ́ tí mo háyà yín fún kọ́ nìyí! Búrẹ́dì mi tí ẹ jẹ ńkọ́?"

Olùkéde fara balẹ̀. "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Mọ́nsúrù Adéwùmí, ààrẹ olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì, lẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ yẹn."

Mọ́nsúrù nawọ́ láti pa rédíò. Ìyá Àwáwù fi ọ̀pá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Àwọn ará Ìsẹ́yìn dìde dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n hó, wọ́n fò sókè, Ládòkun pàápàá ju fìlà. Ẹnikẹ́ni kò háyà wọn, ẹnikẹ́ni kò sì fún wọn ní búrẹ́dì. "Ẹ tún un ṣe!" ni wọ́n ń ké. "Ẹ tún un ṣe!"

Olùkéde ní wọn yóò tún ètò náà gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n tún hó.