Kọ̀ǹpútà Àgbà tí Mo Tú Palẹ̀ ní Trans-Amadi

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi, títí kan orúkọ àwọn kan tí a jọ jókòó ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí tí n ó fi hu irun funfun tán. Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, tó bá sọ sí mi lọ́kàn, ẹ̀rín á bọ́ lẹ́nu mi, ojú á sì tún tì mí.

Àgùnbánirọ̀ ni mí nígbà náà, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní kọ́pà. Láti Ṣàgámù ni ìjọba ti gbé mi lọ sí Port Harcourt, wọ́n sì fi mí sí ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Trans-Amadi tó ń wọn ilẹ̀, tó sì ń ya àwòrán rẹ̀ fún àwọn onílẹ̀. Iṣẹ́ náà wù mí. Ìlú náà wù mí pẹ̀lú, àfi òjò rẹ̀ tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún ìsìnlú mi pé, mo ti pinnu lọ́kàn mi pé mi ò padà sílé mọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀gá wa kò tíì sọ pé òun fẹ́ mi. Màmá mi ní tirẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé wọ́n ti gba ọmọ òun síṣẹ́ pátápátá, ó tiẹ̀ ti ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kọ̀ǹpútà kan wà ní yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa tó jẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi í ya àwòrán ilẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rò o. Àpótí irin ni, ọkùnrin méjì ló ń gbé ojú rẹ̀ nìkan. Obìnrin kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n lò, Ìyá Tonye, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Abuloma, obìnrin náà sì ti fẹ̀yìntì ní oṣù méjì ṣáájú. Kó tó lọ, ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n wá jókòó ti òun, kí n kọ́ ọ. Mo ní ọwọ́ mi dí. Láti ọjọ́ tó ti lọ, ẹ̀rọ náà kò tàn mọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, á máa kùn, ojú rẹ̀ á dúdú kirikiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá wa pè mí sí yàrá rẹ̀. Ọmọ Ikwerre ni, àgbàlagbà tí kì í pariwo, tí kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọkùnrin kan ń bọ̀ láti òkè òkun, bàálù rẹ̀ á balẹ̀ ní Omagwa láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, yóò sì wá gba àwòrán ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tó wà ní Abuloma. Inú ẹ̀rọ àgbà yẹn nìkan ni àwòrán náà wà.

"Corper," ọ̀gá ní, "you sabi computer?"

Ibí yìí ló yẹ kí n ti dákẹ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kò ju kí n lọ jókòó ní kafé, kí n ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi, kí n dìde. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ṣáájú mi.

"Ah, sà! Na my work be that," mo dáhùn. "Before Wednesday, e don wake."

Ọ̀gá wò mí títí. "If e wake before that man come, table dey for you here. If e no wake, I go sign your letter, make you go well."

Tábìlì tí ó wí yẹn, iṣẹ́ ni. Mo jáde níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti gbà mí. Blessing, akọ̀wé wa, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí tábìlì tirẹ̀, ní, "Why you no go ask Mama Tonye?" Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni ìyá àgbà fẹ́ kọ́ mi lórí kọ̀ǹpútà.

Mo wọlé tọ ẹ̀rọ náà lọ, mo tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ka oókan títí dé ọgọ́rùn-ún nínú mi. Ojú rẹ̀ dúdú. Mo pa á. Mo tún tàn án, mo tún kà dé ọgọ́rùn-ún, lọ́tẹ̀ yìí mo sáré kà á. Dúdú náà ni. Kí a tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, mo ti tàn án, mo ti pa á tó ìgbà ọgbọ̀n. Mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí a ṣe máa ń gbá tẹlifíṣọ̀n bàbá mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, mo rí ihò kan lẹ́yìn rẹ̀ tí eruku ti dí, mo sọ pé mo ti rí àrùn. Mo fi ẹnu sí i, mo fẹ́ ẹ pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún mi. Eruku ọdún méjìlá kò rí ibòmíràn bá jáde ju ojú mi lọ. Blessing ló fà mí lọ́wọ́ dé ibi ẹ̀rọ omi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú sukudíráfà, mo tú u. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: títú kò ṣòro rárá. Gbogbo ohun tí mo bá rí tó lè kúrò, mo yọ ọ́. Mo to àwọn súkúrù rẹ̀ sínú ọmọrí agolo mílíìkì, mo fi ìrẹ́sà Blessing nu etí àwọn páálí wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tó ní iṣẹ́ góòlù lára, mo ń súfèé. Ìgbà tí mo fẹ́ dá wọn padà ni mo rí i pé n kò sàmì sí ibi tí ọ̀kankan ti wá. Mo fi ojú wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá wọlé, mo gbà pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Nígbà tí mo dé e padà, súkúrù mẹ́ta ṣẹ́kù. Mo sọ fún Blessing pé àwọn tó ṣe é ló fi èènì sí i, mo sì rọra kó wọn sápò.

Ọjọ́rú tí mo dá fún ọ̀gá ni èyí tó burú jù. Mo ti wá gbà pé iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ ni kò yó o. Mo wá wáyà kan, mo fà á láti orí ibi tí iná ti ń wọlé sí gbogbo ilé náà, mo kì í bọ sitabiláísà ńlá kan, mo ní kí Blessing sún sẹ́yìn. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún gbàù! Iná ọ́fíìsì wa lọ, ti aládùúgbò wa lọ, fáànù gbogbo ń rọra dúró. Ẹnu mi ni mo gbọ́ tó pariwo pé, "Yéè, mo gbé!"

Kò pẹ́ tí onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa já wọlé, ọkùnrin síngbọnlẹ̀ kan tẹ̀ lé e, ó ṣì so aṣọ mọ́ ọrùn. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ ń dán, irun kún apá òsì. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ni.

"Who do this thing?" ó béèrè. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí. "Ìwọ lo pariwo lédè Yorùbá yẹn?"

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ ọ́fíìsì. "Ẹ má bínú, bàbá."

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ wa ni ọ́," ó ní. "Ṣé o mọ̀ pé ọ̀gá mi ń retí mi ní agogo méjì? Irú fìlà wo ni kí n dé sí eléyìí?"

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó tún iná náà ṣe. Mi ò mọ bí ó ṣe yanjú ọ̀rọ̀ orí rẹ̀, mi ò sì gba ọ̀nà ilé onígbàjámọ̀ náà kọjá fún oṣù kan gbáko. Ọ̀gá wa kò bú mi. Ó kàn bi Blessing lójú mi pé ṣé ó ti tẹ lẹ́tà tí wọ́n á fi dá kọ́pà padà. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà mí dénú. Mo rí ìyá mi lójú inú níbi tó ti ń sá fún àwọn tó ti bá a dúpẹ́.

Bí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ ṣe mọ́, mo gbé ìgbéraga tì, mo wọkọ̀ lọ sí Abuloma. Mo bá Ìyá Tonye lẹ́yìn ilé rẹ̀ níbi tó ti ń ha ìpẹ́ ẹja. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n má fi ìpẹ́ ẹja ba aṣọ mi jẹ́. Mo rojọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, bẹ̀rẹ̀ láti orí eruku.

"Nígbà tí o tàn án," ó béèrè, "kí lo wá ṣe?"

"Mo dúró, mà."

"O dúró tó báwo?"

"Mo ka ọgọ́rùn-ún."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yẹn ti dàgbà. Tó bá jí, á kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó lajú wo èèyàn. Agogo méje ni mo máa ń tàn án. Màá wá lọ sí jáńkṣọ̀n lọ jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì, màá kí ìyá ẹlẹ́wà, màá kí ọkọ rẹ̀, màá béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí n ó bá fi padà dé, ó ti lajú. Tí ìwọ bá kí àgbàlagbà, ṣé o kì í dúró gba ìdáhùn ni?"

Mi ò lè gbójú sókè. Gbogbo wa ní ọ́fíìsì, aago mẹ́sàn-án la máa ń dé, a ò tíì bá ẹ̀rọ náà ní òkùnkùn rí. A rò pé bí iná gílóòbù ló ṣe ń tàn ni. Àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ kí n tó dé ìdí rẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ pé o kò tú u," ó ní.

Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo kó súkúrù mẹ́ta jáde. Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ gbẹ. "Ha! Abeg, wait for me tomorrow. Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló dé. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó ń mi orí, ó tún àwọn páálí tí mo kì sódì tò, súkúrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rí àyè wọn. Iná ìjọba wà, sitabiláísà kékeré tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Ó tàn án. Ó ní kí n jókòó. A jókòó tì í títí, ojú rẹ̀ dúdú síbẹ̀. Ọ̀gá wa ti dé, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní iwájú. Ọkùnrin òkè òkun ti pè pé òun ti kúrò ní Omagwa.

"Màmá ẹ ńkọ́?" Ìyá Tonye béèrè.

"Wọ́n wà, mà," mo ní, ojú mi wà lára ẹ̀rọ.

"Èmi ni kí o wò. Bàbá ńkọ́? Àwọn àbúrò ẹ, mélòó ni wọ́n?"

Mo ń dárúkọ wọn nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Port Harcourt mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá ṣẹ́jú: ẹ̀rọ tó bá wà ní títàn lè jóná. Blessing lọgun láti iwájú, "Off am! Off am! Low current!" Ọwọ́ mi ti dé orí ẹ̀rọ náà kí n tó mọ̀. Ìyá Tonye gbá a kúrò, ó dùn mí dé egungun.

"Ìyá tó bí màmá ẹ ńkọ́?" ó béèrè, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

"Wọ́n... wọ́n wà ní Ìkẹ́nnẹ́, mà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n."

"Ọlọ́run á wò wọ́n sàn," ó ní. Kí n tó ṣe àmín, ojú ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo fò sókè. Mo ń pariwo, mo ń dì mọ́ Blessing, ọ̀gá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, eyín rẹ̀ wà níta. Nígbà tí onílẹ̀ dé, àwòrán rẹ̀ ti wà lórí bébà. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka tọ ààlà rẹ̀ títí dé etí omi. Ìyá Tonye ló ya àwòrán náà nígbà tí bàbá ọkùnrin náà wà láyé.

Bí ọkùnrin náà ṣe lọ tán ni ọ̀gá yíjú sí mi. "Corper, wetin do the thing sef?"

Mo ti ní gírámà nílẹ̀ fún un. Mo ti fẹ́ sọ pé nǹkan kan ló jó nínú rẹ̀, èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo wo Ìyá Tonye. Ó jókòó, ó ń bó ẹ̀pà jẹ, kò wojú mi rárá. Ó hàn pé kò ní tú àṣírí mi. Ìyẹn gan-an ló mú kí n má lè purọ́ náà.

"Nothing do am, sà," mo ní. "Na me no get patience. Na me spoil the rest. Na Mama wake am."

Ọ̀gá tẹjú mọ́ mi, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọdún méjìlá ni òun fi ní ẹ̀rọ náà, òun náà kò mọ̀ pé ó máa ń pẹ́ kó tó jí. Ó ní kí Ìyá Tonye máa wá ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ láti kọ́ mi, ó sì ní kí Blessing tẹ lẹ́tà míràn, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Mo gbà á lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ dára, àfi ìlà tó kẹ́yìn: ẹni tí a gbà síṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sukudíráfà mọ́.

Mo pa òfin náà mọ́. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá bàjẹ́ ní ọ́fíìsì tàbí nílé, màá jókòó, màá pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju pé ìbéèrè kì í jẹ́ kí èèyàn ṣìnà, àti pé ohun tí a bá fi sùúrù dúró dè lè má nílò àtúnṣe kankan. Mo sì ń kí èèyàn dáadáa báyìí. Mo máa ń dúró gbọ́ bí ẹsẹ̀ ìyá àgbà ṣe ń ṣe.

Blessing ni mo fẹ́. Ọmọ mẹ́ta la bí. Nígbà tí ọ̀gá wa fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá, a lọ kí i, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òfin sukudíráfà yẹn, pé òun ló sọ mí di èèyàn. Ó ní òfin wo? Ó ní òun kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, òun kàn fọwọ́ sí ohun tí akọ̀wé òun gbé wá ni. Mo yíjú wo ìyàwó mi. Ó ń wo àjà. Ogún ọdún ó lé ni mo ti fi ń bẹ̀rù ìlà tí obìnrin yìí dá tẹ̀ fúnra rẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kí ni mo tún lè ṣe?