Prẹ́míà Jẹ Sikónì Ìdíje ní Warrinda

Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀ sórí àwo funfun kan, wọ́n mú sikónì kan, àkàrà òyìnbó kékeré, níbàdí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bóyá ó rọ̀. Ó rọ̀. Wọ́n yí i sí òsì, wọ́n pín in sí méjì láìjẹ́ kí èérún kan bọ́ sílẹ̀. Ìlàjì kan wọ ẹnu. Ìlàjì kejì tẹ̀ lé e.

Ẹni tó ni ìka náà ni Lachlan Treloar, Prẹ́míà, olórí ìjọba ìpínlẹ̀, aṣojú ìlú Warrinda nílé ìgbìmọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ kan. Ìbò mẹ́tàlélógójì péré ló fi ju alátakò rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan tó kọjá. Ó wá sí àfihàn àgbẹ̀ ìlú rẹ̀ kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀, ó sì yà sí gbọ̀ngàn oúnjẹ kí àwọn oníròyìn tó dé. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀: Noreen Schirmer, alábòójútó tábìlì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, báàjì pupa láyà.

"Lachlan."

"Ẹ káàsán, Mà! Ẹ kú iṣẹ́. Sikónì yìí mà dára o."

"Ṣé o ti gbé e mì?"

"Mo ti gbé e mì. Bọ́tà nìkan ló kù ú kù."

"Kò lè ní bọ́tà. Ti ìdíje ni."

Ó wo tábìlì. Àwo mẹ́wàá. Nọ́ḿbà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí orúkọ.

"Mo rò pé ti àlejò ni."

"Ti àlejò wà lẹ́nu ọ̀nà, àkọlé rẹ̀ tóbi bí ilẹ̀kùn. O kọjá níwájú ẹ̀. Ò ń juwọ́ sáwọn èèyàn nígbà yẹn."

"Ẹ rí i? Ohun tó gba ojú mi nìyẹn."

"Kò sí èèyàn níbẹ̀. Àga lò ń juwọ́ sí."

"Ẹyọ kan péré ni, Mà."

"Mẹ́fà ni òfin sọ. Kì í ṣe márùn-ún, kì í ṣe méje. Àwo tí kò bá pé, adájọ́ ò ní tọ́ ọ wò. Á kọ ọ́ sórí káàdì pé 'Kò bá òfin mu', á fi í síbẹ̀, gbogbo ìlú á sì máa kà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́dún 1988, obìnrin kan ṣèèṣì gbé méje wá. Ìyá Méje là ń pè é títí dòní."

Prẹ́míà nu ètè rẹ̀.

"Ta ló ni àwo yìí?"

"Nọ́ḿbà mẹ́rin."

"Mo ní ta ni?"

"Alábòójútó kì í mọ̀."

"Ẹ̀yin ò mọ ọwọ́ ẹni tó ṣe é? Ní Warrinda níbí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ṣáà sọ bóyá ìdílé wọn pọ̀."

Noreen ronú. "Tí gbogbo wọn bá wálé Kérésì, àga ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń yá."

Prẹ́míà jókòó. Ó dìde.

"Ìgbà wo ni adájọ́ ń bọ̀?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ṣì wà nídìí jáàmù."

Ojú rẹ̀ dédé mọ́lẹ̀. Ojú tí gbogbo ìwé ìròyìn mọ̀. Ó na ọwọ́, ó mú sikónì kan lórí nọ́ḿbà márùn-ún, ó gbé e sórí nọ́ḿbà mẹ́rin.

"Kí lo ṣe yẹn?"

"Àtúntò."

"Nọ́ḿbà márùn-ún ló wá ku márùn-ún báyìí."

"Fúngbà díẹ̀ ni."

Ó mú ti mẹ́fà fún márùn-ún. Ó mú ti méje fún mẹ́fà. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ọwọ́ tó ti ṣe irú ẹ̀ rí.

"Ti nọ́ḿbà mẹ́fà ní èso àjàrà gbígbẹ nínú, Lachlan. Ti nọ́ḿbà méje, elégédé ni wọ́n fi ṣe é. Elégédé ti wá jókòó sáàárín èso àjàrà. Ṣé adájọ́ fọ́jú ni?"

"Ìṣọ̀kan nìyẹn, Mà."

Ó mú ti mẹ́jọ. Ó mú ti mẹ́sàn-án. Ó mú ti mẹ́wàá. Lẹ́yìn mẹ́wàá, aṣọ tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

"Nọ́ḿbà mọ́kànlá dà?"

"Kò sí. Ihò kan náà lò ń tì kiri látàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lo ṣe àwọn nọ́ọ̀sì wa. O kó mẹ́rin ní ọsibítù wa lọ sí ti ìlú Pirralong. O kó ti Pirralong lọ sí èbúté. O bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, o ní o ti yanjú ẹ̀. Ọrùn ọwọ́ mi ṣẹ́ lóṣù kẹjọ, wákàtí mẹ́fà ni mo fi jókòó dè wọ́n."

"Ìgbìmọ̀ ló ṣe ìpinnu yẹn, Mà."

"Ìgbìmọ̀ náà ló jẹ sikónì?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà.

"Rárá, elégédé nìyẹn. Padà sí méje. Fi ìka jẹ́jẹ́, kì í ṣe ọwọ́ olóṣèlú."

Ó ku nọ́ḿbà mẹ́rin, pẹ̀lú sikónì márùn-ún rẹ̀. Noreen nawọ́ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lórí pèpéle.

"Lọ sọ ọ́."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n má baà rò pé ẹni tó ni àwo ni ò lè kà dé mẹ́fà."

"Ìbò mẹ́tàlélógójì, Mà! Tí mo bá pàdánù Warrinda, iṣẹ́ Prẹ́míà ti bọ́ nìyẹn."

"Mo mọ iye ẹ̀. Mo wà lára àwọn tó kà á. Kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́."

Ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣeni láàánú pé wọ́n ti jẹ sikónì kan."

"Ta ni wọ́n?"

"Ìjọba."

"Gbogbo wọn? Títí kan mínísítà ojú ọ̀nà?"

"Sikónì kan dín kù lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò lérò."

"Ṣé ó rìn lọ ni?"

"Ìjọba tó ṣáájú wa ló fi àwo náà sílẹ̀ láìbò."

"Lachlan!"

"Ọdún mọ́kàndínlógún, Mà." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mi ò sọ irú ẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

"'Èmi' ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Ó gun pèpéle. Lóde, àwọn tó ń fi àáké díje igi gígé ti ṣíwọ́. Gbogbo pápá dákẹ́.

"Èmi," ó ní. Ohùn náà lọ dé ọgbà màlúù. "Èmi, Lachlan Treloar, ni mo jẹ sikónì kan lórí àwo nọ́ḿbà mẹ́rin. Ẹni tó ni ín kò ṣẹ̀. Mo tún gbìyànjú láti bò ó mọ́lẹ̀. Ó dùn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lóde. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀. Obìnrin kan sì lọgun láti ọ̀ọ́kán pé, "Ọ̀jẹun!"

Ó sọ̀kalẹ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Mo sọ ọ́, Mà."

"Mo gbọ́."

"Ẹ̀yin á wá dìbò fún mi báyìí, àbí?"

"Rárá o."

"Mà!"

"Ẹni mẹ́fà ló ń dupò, dandan sì ni ká kọ nọ́ḿbà sí iwájú gbogbo wọn, látorí ẹni tó wù wá jù dórí ẹni tá ò fẹ́ rí. Látọdún mọ́kàndínlógún, ìkẹyìn pátápátá ni mò ń fi ọ́ sí. Ní Sátidé, màá fi ọ́ sí ìkarùn-ún."

"Ìkarùn-ún." Ó gbé e mì bí oògùn. "Ta ló wá di ìkẹfà?"

"Fergus Oates, alátakò ẹ. Ó wá láàárọ̀. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó yíjú padà, ó fi áńkáṣíìfù nu ọwọ́ ẹ̀."

Ètè Prẹ́míà ń mì. Ó ń ṣírò.

"Àmọ́, Mà, àwọn mẹ́rin yòókù ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á já lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbò wọn á sì máa bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn lórí ìwé. Tó bá wá ku èmi àti Oates, ọ̀dọ̀ mi ni ìbò yín máa bọ́ sí!"

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ka ìbò nílé ìwé tá a ti ń dìbò. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Kúrò nídìí tábìlì mi kí ọkàn mi tó yí padà."

Lọ́jọ́ Sátidé, ìbò mọ́kànlá ni Treloar fi wọlé ní Warrinda. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù ìjọba. Ẹlòmíràn ni Prẹ́míà báyìí. Nọ́ọ̀sì méjì ti padà sí Warrinda.