Orin Ìfẹ́ Tí Mo Pa Rẹ́ ní Campama

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, kódà tí mo bá hu ewú tán: ọjọ́ tí mo fọwọ́ ara mi pa orin olórin rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì ni mo ní nígbà náà ní àdúgbò Campama, ní ìlú Banjul. Orin yòówù kí ẹ gbé wá, màá bá yín gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì tuntun, mo sì máa ń fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ.

Màmá àgbàlagbà kan, ọmọ ẹ̀yà Akú ìlú náà, gbé kásẹ́ẹ̀tì kan wá lọ́sàn-án Sátidé kan. Orin ìfẹ́ àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, ti ọkùnrin kan tó ń bẹ olólùfẹ́ rẹ̀ pé kó dúró de òun ní èbúté. Orin yẹn ni ọkọ rẹ̀ máa ń kọ fún un nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní pọ́ọ̀tù. Àmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ náà dùbúlẹ̀. Oṣù kẹrin rèé tí kò sọ̀rọ̀, àfi kó máa fi ìka lu bẹ́ẹ̀dì bí wọ́n bá fi orin náà sí i.

“Dúyà, ọmọ mi,” ó bẹ̀ mí bí àwọn Akú ṣe ń bẹ èèyàn, “téèpù yìí ti gbó. Bá mi gbà á sí tuntun kó tó já.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lẹ wá.”

Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Màmá ti ṣẹ́ eyín kékeré ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì náà kí ẹnikẹ́ni má bàa gba nǹkan mìíràn lé e. Èmi tí ọwọ́ mi ti mọ́ra, mo fi bébà dí ihò náà bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo kásẹ́ẹ̀tì àlòkù. Mo wá ki tiẹ̀ bọ ibi tó yẹ kí tuntun wà, mo ki tuntun bọ ibi tiẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo lọ jẹun.

Nígbà tí mo padà dé, òfo inú tuntun ti bo orin Màmá pátápátá. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, ṣíì ló ń dún. Mo wá orin náà jáde ìlú, títí dé Talinding. Gbogbo ẹni tí mo bi ló mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ táksí kan tiẹ̀ kọ ìlà méjì rẹ̀ lórin fún mi, ó sì nu ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní téèpù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé orin ìfẹ́ mìíràn lọ sílé wọn, mo ní bóyá Bàbá, ọkọ Màmá, ò ní mọ̀. Bàbá gbọ́ ọ díẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

“Orin wa dà?” Màmá bi mí.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò bú mi. Ó kàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìlà méjì tí awakọ̀ kọ́ mi. Ẹ ò mọ ohùn mi. Àgbò tí wọ́n so sí àgbàlá dá jíjẹ dúró.

“Kò… rí… bẹ́ẹ̀.”

Bàbá ni. Ó fajú ro, ó sì rọra kọ ìlà náà bó ṣe yẹ. Màmá gbè é, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni Màmá ń pè mí wá kọrin, Bàbá á sì máa sọ̀rọ̀ láti tún un ṣe. Ìtìjú mú kí n lọ kọ́ orin náà dáadáa. Lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́ láìsí àṣìṣe, Bàbá ò rí nǹkan kan tún ṣe, oorun gbé e lọ. Màmá fà mí lọ́wọ́ jáde.

“Dúyà, bà á jẹ́ bó o ṣe máa ń ṣe. Bó o bá ń bí i nínú ló ń sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kéèyàn wo ọ̀tún wo òsì kó tó tẹ bọ́tìnnì pupa, bó bá sì ti bàjẹ́, kó tètè jẹ́wọ́. Ẹ̀rín ara mi ń pa mí bí mo bá rántí. Títí Bàbá fi re ibi àgbà ń rè, n kò kọ orin náà dáadáa mọ́.