Irin Tó Jinná Kí Iná Tó Ràn

Bó bá ṣe pé ẹnu ni wọ́n fi ń yọ́ irin, Ọ̀jọ̀gbọ́n ì bá ti yọ́ èyí tó tó kan afárá mẹ́wàá. Abẹ́nu-gbóná-ju-iná-lọ! Aròyìn-ayé-àtijọ́-bí-ẹni-tó-sùn-níbẹ̀! Àwòrán rẹ̀ mẹ́rin ló wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ọ̀kan lára ògiri kọ̀ọ̀kan, kí àlejò má baà ríbi gbójú sá sí. Àáké òkúta kan wà nínú gíláàsì lórí tábìlì. Kò gbé e rí, ó ní ó wúwo.

Ọ̀rọ̀ ipò ló wá dé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pa mọ́ sí, ń wá olórí tuntun. Ìgbìmọ̀ wọn ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ́ irin lójú àwọn, bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń ṣe é.

"Ìwé ti pọ̀ jù," ni Ìyá Alága ìgbìmọ̀ náà wí. "Ẹ jẹ́ ká rí ọwọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀hún rọ̀ bí òwú. Ló bá gba ilé alágbẹ̀dẹ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀, tí kò yà kí láti ọdún mẹ́fà. Àwọn méjèèjì ni bàbá wọn fẹ́ kọ́ níṣẹ́ irin, àmọ́ àbúrò ní èéfín ń ta òun lójú, ó sì sá sídìí ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mọ ìléru."

Ilé amọ̀ ni ìléru. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó èédú àti òkúta irin sí, tí wọ́n á máa fi ẹwìrì fẹ́ iná sí i nídìí.

"Mo gbọ́," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Bàbá wa ló ni ọgbọ́n yìí. Kọ orúkọ ẹ̀ sára pátákó tó o bá fẹ́ gbé síbẹ̀."

"Ìyẹn nìkan? Ẹ kà á sí pé ó ti parí!"

Bàbá wọn ti kú láìsí ibi kankan tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dun alágbẹ̀dẹ. Tayọ̀tayọ̀ ló fi po amọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Àmọ́ nígbà tó ní láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa fẹ́ná, Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Àlejò wo ló máa jókòó di ìrọ̀lẹ́? Wákàtí kan ti tó. Àwọn ará àtijọ́ ò lajú ni."

"Irin ò mọ àlejò o, àbúrò."

Nígbà tọ́jọ́ pé, alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ lọ wo pátákó. "Ìwádìí àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n" ló wà níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ibẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ bàbá sí. Òfìfo ni. Ó tún rí i pé ẹnìkan ti la ìdí ìléru, ó sì ti fi amọ̀ tútù dí i pa, ó ń dán bí búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà pa.

"Àbúrò, ta ló fọwọ́ kan—"

"Ẹ dákẹ́ jọ̀ọ́, wọ́n ti dé!" Ọ̀jọ̀gbọ́n tún kóòtù funfun rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí àwọn àlejò. "Ẹ má wo ọkùnrin yìí. Alágbàṣe mi ni, ó ń bá mi fẹ́ná."

Ọ̀rọ̀ náà gún alágbẹ̀dẹ lọ́kàn. Tìbínútìbínú ló fi di ẹwìrì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ná.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Èyí ò rìn ju wákàtí kan lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́, ó fọ́ ìdí ìléru, ó fi ẹ̀mú fa nǹkan pupa kan jáde, ó sì jù ú sómi.

"Ẹ wo irin àwọn baba ńlá wa!"

Amọ̀ tó fi bò ó lára ṣí kúrò nínú omi. Ìyá Alága bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bóòtì tí wọ́n fi ń de táyà ọkọ̀ ni, nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí leléyìí?"

"Ẹ̀rí nìyẹn, mà! Àwọn baba wa ti mọ nọ́ọ̀tì!"

"Wọ́n tún mọ nọ́ńbà? Mo rí mẹ́jọ méjì lórí ẹ̀."

"Ó... ó jọ pé ọba kẹjọ ló rọ ọ́, mà."

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ìdí ẹwìrì. "Alágbàṣe, irin gan-an ńkọ́?"

"Ó ṣì ń bọ̀, mà. Ìdàrọ́ ò tíì jáde. Ìdọ̀tí òkúta yẹn gbọ́dọ̀ ṣàn jáde ná. Tá a bá tún ìdí ẹ̀ dí, ó di ìrọ̀lẹ́."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni."

"Ṣé Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ bàbá ọ̀hún?"

Alágbẹ̀dẹ wo àbúrò rẹ̀. "Ó yẹ kó mọ̀ ọ́n, mà. Bàbá kan náà ló bí wa."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo bàtà rẹ̀.

"Ọwọ́ la ní ká rí," ni Ìyá Alága wí. "Ẹ bọ́ kóòtù, sà. A ò ní kúrò níbí."

Bí Àgbà Ìwé ṣe dorí ẹwìrì nìyẹn o! Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti léròrò, imú rẹ̀ ti dúdú. Tó bá ti rọwọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní, "Fẹ́ ẹ o, iná ń kú." Nírọ̀lẹ́, ìdàrọ́ ṣàn jáde. Wọ́n fa irin gidi jáde tẹ̀ lé e, ó burẹ́wà, ihò wà lára rẹ̀ káàkiri. Àwọn àlejò dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún alágbẹ̀dẹ.

Ìyá Alága ní kí wọ́n pa pátákó rẹ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó nà án sí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ẹ kọ orúkọ bàbá yín síbẹ̀. Ẹni tá a máa fi jẹ olórí, a ti rí i nídìí iná."

Ọwọ́ tó ti bó náà ló fi gbà á. Ó kọ ọ́, ó wọ́.

"Kò hàn," ni Ìyá Alága wí.

Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Àwọn èrò ń pè é sókè bí ọmọ iléèwé, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Alágbẹ̀dẹ kò bá wọn pariwo. Ó dúró, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń ka orúkọ bàbá rẹ̀.