Àlhájì Elédè Márùn-ún Kí Àna

Bí ẹ bá pàdé Sàláhúdéènì ní Suitland, ní Amẹ́ríkà, ẹ má pè é ní Àlhájì lásán. Ó ní ìyẹn ti kéré.

Géètì ilé iṣẹ́ kan ló ń ṣọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ọjọ́ gbogbo ló ń sọ pé òun kórìíra ọ̀rọ̀ gígùn, pé kí èèyàn sọ èyí tó fẹ́ sọ kó jókòó. Àṣé torí pé kò rí tirẹ̀ sọ ni.

Nígbà tí Àdíját, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gba ìsinmi, ó mú bàbá rẹ̀ lọ wo Yúróòpù. Bọ́ọ̀sì ló gbé wọn láti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Bí wọ́n bá ti dúró, Àlhájì á sọ̀ kalẹ̀, á kí ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí ní èdè ibẹ̀, á sì padà sórí ìjókòó rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ èdè nìyẹn.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá ni, bíi tiwa. A ń kí ẹni tó ń bọ̀, a ń kí ẹni tó ń lọ, a ń kí ẹni tó jókòó tí kò ṣe nǹkan kan. Àlhájì rò pé bó ṣe rí ní gbogbo ayé nìyẹn. Ó rò pé tí èèyàn bá ti mọ ìkíni, ìyókù èdè kò ju iyọ̀ lọ.

Ohun kejì tó rí lọ́hùn-ún ni àgékúrú ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ kì í pe nǹkan tán. Ọkọ̀ ojú irin, lẹ́tà méjì. Báńkì, lẹ́tà mẹ́ta. Gbogbo ilẹ̀ náà pàápàá, E àti U, ó parí. Ó wù ú gan-an. Ọ̀rọ̀ kúkúrú, tí ojú á máa ti ẹlòmíràn láti bi ọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ó bá a lára mu ju agbádá lọ.

Nígbà tó dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè lórí fóònù. Fóònù á béèrè ìkíni, Àlhájì á tẹ̀ ẹ́, fóònù á pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́, fóònù fún un ní A1 nínú èdè Jámánì. Ó gba ti Faransé, ó gba ti Sípéènì, ti Ítálì, ti Họ́láńdì. Ó tẹ káàdì: Àlhájì S. Sàláhúdéènì, A1, A1, A1, A1, A1.

Àdíját wo káàdì náà títí. "Dádì, A1 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún o. Ti jẹ́lé-ó-sinmi ni."

"Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní mọ́sáláṣí wa?"

"Kò sí, sà."

"Ìwọ náà má mọ̀ ọ́n."

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ilé ni gbogbo wọn ti ṣe Wáèkì, níbi tí A1 ti jẹ́ òkè téńté. Rídwàn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Upper Marlboro, ka káàdì náà, ó ṣí fìlà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe Àlhájì ní Ògbufọ̀ Àgbáyé. Tó bá sùn lọ lórí àga, wọ́n á ní ẹ rọra, ó ń ronú ní èdè Faransé.

Ìgbà náà ni Falilat rí ọkọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àlhájì tó ti dolóògbé ni Falilat. Ọmọ Jámánì tó ti gba Ìsìláàmù ni ọkọ rẹ̀, Ikrimah lorúkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ ń bọ̀ láti Jámánì fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ikrimah gbọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wa: ọjọ́ tí wọ́n bá ń tọrọ ìyàwó fún èèyàn, kì í la ẹnu.

Ikrimah ní òun ní ọ̀rẹ́ kan tó lè bá wọn túmọ̀. Àlhájì ní ìwọ̀sí gbáà ni. Ó tún gba ipò agbẹnusọ lọ́wọ́ Mùíbì, àgbà ẹbí, tó ti ń ṣe é tipẹ́. Ó ní ti Mùíbì, èdè kan ṣoṣo ló mọ.

Falilat kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní ìyá Ikrimah ò tíì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn rẹ̀ tó fẹ́ bi ẹbí lójúkojú. "Bàbá, ẹ dákun, ìdáhùn yẹn ni mo ń wò. Tí wọn ò bá gbà, Ikrimah ò ní ṣe é."

"Fọkàn balẹ̀," ni Àlhájì wí. "Màá kí i débi tó máa gbàgbé ohun tó fẹ́ béèrè."

Accokeek, nílé ìyá Falilat, ni wọ́n ti pàdé. Ẹbí kún pálọ̀. Ìyá Ikrimah wọlé, obìnrin tín-ín-rín, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Àlhájì dìde, ó tún agbádá ṣe.

"Gúùtìn Táàkì."

Ojú ìyá náà là. Ó dáhùn. Àlhájì kí i káàbọ̀, ó béèrè àlàáfíà, ó dúpẹ́. Ìyá náà dáhùn gbogbo rẹ̀. Ilé hó. Rídwàn ń yà á sórí fóònù.

Àlhájì wá ń retí kí ìyá náà kí wọn kú ìjókòó, kú ìnáwó, kú oríire ọmọ. Kò kí wọn. Ìkíni àwọn ará Jámánì ti tán síbẹ̀. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gùn. Nígbà tó dánu dúró, gbogbo ojú yí sí Àlhájì.

"Ó ní ẹ kú ìkàlẹ̀."

"Gbogbo ìyẹn?" ni Mùíbì béèrè.

"Ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan ni."

Ìyá náà tún sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, omi wà lójú rẹ̀. Àlhájì ní ó ń kí àwọn tó wà ní ilé ìdáná, pé èéfín náà kan òun. Ikrimah ti pọ́n bí ata. Ó la ẹnu, ẹnì kan fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó pa á dé.

Ìyá náà béèrè ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Ìdáhùn ló ń dúró dè. Àlhájì wá inú orí rẹ̀ títí. Ó rántí géètì tó ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀, ó wù ú kó wà níbẹ̀. Nínú gbogbo Jámánì tó gbé wá, ẹyọ kan ló kù tí kò tíì ná. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ju ìyẹn sílẹ̀.

"Áúfù Fídasén."

Ó dàbọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ gbéra ló máa ń sọ ọ́.

Ìyá náà wò ó. Ó wo Falilat. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó dìde, ó sì jáde.

Ikrimah fo àṣà dá, ó pariwo ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ìyá òun sọ fún wọn pé bàbá òun kú lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, òun nìkan sì lọmọ tí ìyá òun ní. Ó ní ìyá òun ń béèrè pé bí àìsàn bá dé, ṣé wọ́n á jẹ́ kí òun wá wò ó. "Ẹ wá ní kó máa lọ."

Falilat ti sáré jáde. Mùíbì tẹ̀ lé e, Ikrimah ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìyá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò: ọmọ rẹ kò sọnù, ìgbàkigbà tó o bá pè, á dé, ìyàwó rẹ̀ náà á sì dé. Ìyá náà ò tíì fi ọwọ́ sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn mọ́tò.

Nígbà náà ni Àlhájì bọ́ síta. Kò ní ìkíni kankan mọ́. Ẹbí ìyàwó kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ọkọ, ọmọdé mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Agbádá funfun, àyà, àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ balẹ̀ sórí kọnkéré, níwájú gbogbo ẹbí, pẹ̀lú fóònù Rídwàn tó ṣì ń ya fídíò.

Ìyá Ikrimah gbé báàgì sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa Àlhájì lápá dìde, ó fi ọwọ́ nu erùpẹ̀ lágbọ̀n rẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn gígùn kan fún un. Ikrimah bú sẹ́rìn-ín.

"Sàláhú," ni Mùíbì wí, "kí ni wọ́n wí?"

Àlhájì wo ilẹ̀.

"Mi ò gbọ́."