Ilẹ̀kùn Màmá Àgbà Tó Lẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, bí wọ́n bá ròyìn ẹ̀ fún òkú, á dìde rẹ́rìn-ín kó tó padà lọ sùn. Gbogbo ayé ló wà níbẹ̀. Èmi gan-an ni mo sún mọ́ Kábíyèsí jù. Bí wọ́n bá sín, èmi ni mò ń nu ojú.

Màmá Àgbà, opó tó nilé, ló pẹjọ́. Ọmọ àbúrò wọn ni wọ́n pè lẹ́jọ́, alágbàfọ̀ tá à ń pè ní Gúnrégé, tí wọ́n fún ní yàrá iwájú kó máa fi ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Kábíyèsí, mo lọ kí ọmọ mi. Mo dé, mi ò bá ilẹ̀kùn yàrá mi mọ́! Ewúrẹ́ ló kí mi káàbọ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì!"

"Gúnrégé, ilẹ̀kùn dà?"

"Ó wà nínú ilé, Kábíyèsí. Ó kàn dùbúlẹ̀ ni."

"Dùbúlẹ̀ báwo?"

"Mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i. Orí ẹ̀ ni mo ti ń lọ aṣọ."

Gúnrégé tún fi kún un:

"Ṣebí màmá ló ní, 'Ọmọ mi, máa lo ilé bíi tìẹ'? Àbí ilẹ̀kùn ò sí lára ilé? Mi ò tà á. Látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé ló ti wà lórí ìdúró, mo ní kó sinmi."

"Yàrá iwájú ni mo ní kó o máa lò, ìwọ ọmọ yìí!"

"Màmá, ilẹ̀kùn ti yàrá iwájú ò fẹ̀ tó."

"Ẹ gbọ́ o! Ilẹ̀kùn tí ọkọ mi fọwọ́ ara ẹ̀ kàn fún mi kó tó kú!"

Wọ́n pe gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò, ẹlẹ́rìí Gúnrégé.

"Kábíyèsí, tábìlì ni mo rí. Mi ò rí ilẹ̀kùn rárá."

Ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà fò dìde. "Bàbá Ìbejì, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Ta ló kan ẹsẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n wá ń bá a lọ ṣòkòtò lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Nígbà tí mò ń kàn án, ó ti ń jọ tábìlì."

"Pẹ̀lú ihò kọ́kọ́rọ́?"

"Tábìlì olówó máa ń ní in."

"Irọ́ ni!" Gúnrégé pariwo. "Kò sí ihò kankan lára ẹ̀!"

Màmá ò bá a jà. Wọ́n kàn nawọ́ sí ẹ̀yìn Kábíyèsí. Kábíyèsí yíjú padà, a sì rí i: irin ojú kọ́kọ́rọ́ ti jó aṣọ funfun wọn lẹ́yìn, rogodo, ó ń wò wá bí ojú ẹni tó ń yọjú wo ilé onílé. Èmi ti rí i tipẹ́. Ọ̀wọ̀ ni mo bù fún wọn.

"Ta ló lọ aṣọ yìí?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Àmọ́ ẹ wò ó, kò gún?"

Kábíyèsí mí kanlẹ̀. "Ẹni tí wọ́n ní kó jókòó lórí àpótí kì í fi àpótí dáná. Lílò la fún ẹ, a ò fún ẹ ní títú. A ò ní lé ẹ kúrò ní yàrá iwájú, ọmọ ẹni ò ní burú ká lé e fẹ́kùn pa jẹ. Àmọ́ títí ilẹ̀kùn màmá á fi padà síbi tí ọkọ wọn gbé e sí, ìwọ ni ilẹ̀kùn. Lọ dúró sẹ́nu yàrá wọn. Ẹni bá fẹ́ wọlé, orí ẹ ni kó kàn. Gbẹ́nàgbẹ́nà, ìwọ lo máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Má kánjú o. Rọra."

Mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo sì kan ilẹ̀kùn bí ọmọlúàbí: kò, kò, kò!

"Ta nìyẹn?" Màmá bèèrè látinú yàrá.

Ilẹ̀kùn ló dáhùn: "Ìpátá kan ni, màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì mí!"